Ọmọ Tí Mo Fi Fọ́tò Gbé Dìde

Àbúrò mi, jókòó dáadáa. Ìyá Àgbà, ìwọ náà má kúrò níbí. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò lágbára mọ́, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ọdún méjìlélógún ni mo ti gbé e pamọ́ sínú. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ bá fẹ́ fi mí sílẹ̀, ẹ máa lọ, mi ò ní pè yín padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Àbúrò mi, ìwọ lo fi Ìyá Àgbà, ọmọ rẹ yìí, lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sì ń pè ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Àìsàn ti gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń bá àwọn aláìsàn na ẹsẹ̀ ní ọsibítù sọ lójú àwa méjèèjì pé, "Ẹ máa gbé e wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ má pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹsẹ̀ yìí ṣì máa dìde." O dì mọ́ mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ni ojú mi níbí o." Mo ní kí o fọkàn balẹ̀. Mo gbé e lọ fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ìgbà tí àyè bá yọ, nígbà tó yá, mi ò gbé e lọ mọ́ rárá. Ọ̀lẹ ni mí. Mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pe ara mi.

Ẹ̀yin méjèèjì mọ iṣẹ́ tí mo fi ń gbéra ga nígbà yẹn. Mo máa ń tẹ́ aṣọ tí mo kùn bí ojú ọ̀run sílẹ̀ẹ́lẹ̀, oníbàárà á sùn lé e, èmi á gun àkàbà, mà á sì yà á láti òkè. Tí ẹ bá wá gbé fọ́tò náà dúró, ẹni tó sùn á máa fò. Mo ya ìyàwó tó ń fi agboòrùn fò kọjá òrùlé. Mo ya káfíńtà tó fi ìka kan ṣoṣo gbé ọ̀gá rẹ̀. Ìyá Àgbà, ọmọdé tí à ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀ tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ló fẹ́ràn eré yẹn jù. Á ní, "Bàbá Onífọ́tò, ẹ tètè yà mí o, ilẹ̀ yìí ti tutù jù. Ṣé òtútù ni kí n máa fi fò ni?" A jọ máa ń rẹ́rìn-ín títí. Eré lásán ni nígbà yẹn, Ọlọ́run gbọ́.

Ni lẹ́tà rẹ bá dé. O ní dókítà kan ní èbúté tí ẹ gúnlẹ̀ sí ti fi bẹ́ẹ̀dì kan pamọ́ fún ọmọ náà, pé òun máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ kó lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà dé. Tí mo bá ya ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe wà, yóò tú àṣírí mi. Mo tẹ́ aṣọ tí mo kùn bí ògiri, mo tẹ́ Ìyá Àgbà lé e, mo ti pákó sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dà bí ilẹ̀. Mo yọ yẹtí etí rẹ̀, torí yẹtí ẹni tó sùn kì í rọ̀ bíi ti ẹni tó dúró. Ó wò mí láti ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, eléyìí ò fò. Ta la fẹ́ fi tàn?" Mo ní, "Bàbá rẹ la fẹ́ múnú rẹ̀ dùn." Ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo yà á.

Ó yẹ kó tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n o tún kọ̀wé padà. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni ó ń dúró? Dókítà ní tó bá jẹ́ òótọ́, òun á gbé bẹ́ẹ̀dì náà fún ọmọ míì. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún mi." Mo gbé bírò. Mo kọ ọ́ pé, "Ó ṣojú mi kòró. Ó ti ń sáré." Sáré! Ta ló bi mí nípa eré sísá? Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà fún ọmọ ẹlòmíì.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí o dé, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o na ọwọ́ méjèèjì, o ní, "Ìyá Àgbà, sáré wá." Ọmọ jókòó sórí àga, ó ń wò mí. Mo gbójú kúrò lára rẹ̀. Òun ló wá ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Igi ni mo gùn, ni mo bá já bọ́. Bàbá Onífọ́tò ní kí n má gùn ún." Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Èmi àgbàlagbà orí kunkun, mo mi orí, mo ní, "Kì í gbọ́ràn." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Nígbà tí o lọ, mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ nítorí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin méjì péré ni mo ní. Mi ò fẹ́ kí ẹ jà."

Láti ìgbà náà, tí inú bá ti bí ọ, wàá ní, "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ba ẹsẹ̀ rẹ jẹ́." Á gbọ́, kò ní fèsì. Èmi náà á wà níbẹ̀, mà á máa jẹun lọ.

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ṣùgbọ́n tèmi lè dúró. Kọjú sí ọmọ rẹ kí o kọ́kọ́ bẹ òun. Kò sí igi kankan. Kò já bọ́ rí.