Ẹ Má Fi Adìyẹ Iṣẹ́ Abẹ Tọrọ Ìyàwó

Ẹ̀gbọ́n Mùjíbátù, ẹ jókòó, ẹ má tíì dìde, mo fi Ọlọ́hun tó ni ẹ̀mí mi búra, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní gùn, kò ní gùn ju ìrun tí a ń kí sí òkú lára lọ, èyí tí a kì í tilẹ̀ tẹríba nínú rẹ̀, ẹ ó sì rí ọkọ̀ wọ̀ padà sí Mọ́níyà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àní ẹ jókòó! Ṣebí ẹ̀yin lẹ wá bá mi nílé, tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, pé ọjọ́ Sátidé lẹ ń lọ sí Lálùpọn lọ tọrọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Kifayah fún àbúrò yín, ọkọ mi, nítorí pé èmi Fàdìlàt ti lo ọdún méje nínú ilé yín láìgbọ́ igbe ọmọ. Mo gbọ́. Mo ní alihamdulilahi. Ẹ ní kí n bá yín lọ, kí àwọn àna yín tuntun lè rí i pé ìyálé fara mọ́ ọn. Mo tún gbọ́. Ẹ ní èmi náà ni kí n ru oúnjẹ. Mo gbọ́ ìyẹn náà, mo tiẹ̀ ti ń ro irú ìró tí n ó ró. Àfi ìgbà tí ẹ tún la ẹnu, tí ẹ ní adìyẹ ẹ̀yìnkùlé yìí ni a ó tà fi ṣe ìnáwó ọ̀hún, pé ẹ ti bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, pé ọ̀la ló ń bọ̀ wá kó wọn. Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni etí mi ti di. Adìyẹ wo? Adìyẹ ta ni? Ẹ mọ ohun tí a tọ́jú adìyẹ yẹn fún?

Ẹ ò mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ mi orí, ẹ ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ta ni kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ ikùn mi nínú ìdílé yín? Ikùn mi ti di títì tí ìjọba kò ṣe, ẹni tó bá ti ń kọjá lọ ló ń sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé ìgò àgbo àkọ́kọ́ wá, èyí tí wọ́n fi omi ògì kíkan rẹ. Mo mu ún. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo fi ṣe yàrá, ẹ ní kí n má dá a lóhùn, ìdọ̀tí ló ń jáde. Ìdọ̀tí ọdún wo, Ẹ̀gbọ́n? Nígbà tó pẹ́ títí, kò sí ohun tó kù nínú mi tó lè jáde mọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀mí. Ẹ tún mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ń fọwọ́ ra ikùn ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìyá ní ilé ọmọ mi kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà. Mo ní kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́? Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òróró ra mí títí mo fi ń dán bí àkàrà. Alfa kọ hàntú fún mi, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e mu, ẹ má gbọ́ mi ṣì o, n ò bú hàntú, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kò jẹ̀bi, ẹni tó yẹ kó mu ún kọ́ la gbé e fún. Ẹ̀yin náà lẹ tún yọ́ mi pè, tí ẹ ní bí ọkọ mi bá ti kúrò lára mi, kí n máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sógiri, kí ohun tó wọlé má baà jáde. Mo gbé e. Ẹ wọ yàrá lọ wò ó, àpá àtẹ́lẹsẹ̀ mi ṣì wà lára ọ̀dà ògiri, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ajá ló ń gun ibẹ̀.

Ta ló bi àbúrò yín ní nǹkan kan rí? Ẹ sọ fún mi. Ta ló gbé ìgò kan fún un, kódà ìgò omi lásán?

Ẹn-ẹ́n. Ẹ jẹ́ ká fi ti èèyàn sílẹ̀ ná, ká sọ ti adìyẹ, nítorí adìyẹ lẹ wá tà.

Ẹ mọ iṣẹ́ àbúrò yín. Ó ń sin akọ pọ̀ mọ́ abo, ó ń kó ẹyin wọn sínú ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba, bó bá ṣe díẹ̀, a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a wọ inú òkùnkùn, a tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn nídìí. Èyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti là nínú rẹ̀, ọmọ ti wà níbẹ̀. Èyí tó bá mọ́ gaara bí omi òjò, òfo ni. Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ ku díẹ̀, ẹyin tó wá látinú ilé adìyẹ kan mọ́ gaara, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀gbọ́n, kí ni àbúrò yín ṣe? Ṣé ó na àwọn abo ni? Ṣé ó po àgbo fún wọn? Ṣé ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sógiri? Àbí ó lọ ra abo mìíràn wá kún abo fún àkùkọ yẹn, bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe fún òun náà báyìí? Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ, ó ní, "Àkùkọ yìí ni kò dáa." Kíá! Kò pe ẹbí jọ. Kò bi alfa. Ó ki àkùkọ mọ́lẹ̀, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ sì jẹ itan rẹ̀ lọ́jọ́ ìtúnu, ẹ ní ẹran rẹ̀ dùn. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lẹ fi jẹ ìrẹsì, Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì lá ọwọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo dúró tì í níbi apẹ̀rẹ̀, mo ní, "Baálé mi, àwọn abo yìí mà níyì lójú yín o. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ lé wọn lọ?" Ó wò mí. Mo wò ó. Àkùkọ náà ń wò wá.

Nítorí ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò mọ̀ fún yín. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ẹ rò pé ọjà ni mò ń ná. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ilé ọmọ, wọ́n ki oògùn kan sí mi lábẹ́ láti fi ya fọ́tò ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, bóyá ó dí, ó dùn mí débi pé mo pe ìyá mi, ìyá mi tó sì ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà. Dókítà, obìnrin ni, ó wo gbogbo rẹ̀, ó ní òun kò rí ohun tó ṣe mí. Ó ní ọkọ mi dà? Mo ní iṣẹ́ kò jẹ́ kó wá. Ó ní gbogbo ọkọ niṣẹ́ kì í jẹ́ kó wá. Ó ní bí ọmọ bá ti pẹ́ dé, tọkọtaya ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ ọkùnrin ló ti ń wá, tàbí kó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, pé àyẹ̀wò tọkùnrin ló tilẹ̀ rọrùn jù, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ìrora. Mo délé, mo jíṣẹ́. Àbúrò yín ní òun kì í ṣe ẹni tí ń da ara òun sínú ife.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ àkùkọ yẹn ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìtúnu, ó wẹ̀, ó dé fìlà títí dójú, ó bá mi lọ. Wọ́n fún un ní ike kékeré kan, wọ́n fi yàrá hàn án. Ó ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí ewúrẹ́ gbé.

Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti ń mọ ibi tí mò ń lọ ni ẹ ṣe ń wá bàtà. Bàtà yín wà lábẹ́ àga, kò ní sá.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ àbúrò yín ni! Safwan! Mo pè é lórúkọ, èmi ìyàwó ilé, ẹ lọ pe ẹbí jọ lé mi lórí. Safwan ni! Irú ọmọ tó wà nínú omi ara rẹ̀ kò tó nǹkan, díẹ̀ tó sì wà ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe pé kì í ṣe ọkùnrin, èmi náà sì jẹ́rìí, ọkùnrin ni. Ó ní iṣan kan ló wú nínú kórópọ̀n rẹ̀ tó ń mú ibẹ̀ gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ó wá to ọ̀nà tó wà sílẹ̀ fún wa. Ó ní wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún iṣan náà, ká mú sùúrù oṣù mélòó kan, bóyá irú ọmọ yóò pọ̀ sí i, bóyá ni o, kò ṣèlérí. Mo bi í pé ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n kàn gba omi náà kí wọ́n fi sí mi nínú, ó ní èyí tó wà báyìí kéré fún ìyẹn. Ó ní èyí tó tún wà ni kí wọ́n yọ ẹyin lára mi, kí wọ́n fi irú ọmọ ẹyọ kan gún ẹyin kọ̀ọ̀kan níta, kó mú, kí wọ́n tó dá a padà sínú mi. Àbúrò yín ní, "Bíi ti ẹ̀rọ adìyẹ mi?" Dókítà ní ó fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó adìyẹ, ó sì lè má dúró. Mo ní bí a bá gba ọmọ tọ́ ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà dáa, kò sẹ́ni tó ní ká má ṣe é, ká kọ́kọ́ ṣe èyí tí agbára wa ká ná, nítorí ọjọ́ orí tèmi ń lọ, ọjọ́ orí obìnrin kì í dúró de ìpàdé ẹbí.

A délé, a gbé e yẹ̀ wò títí. Ó ní òun bẹ̀rù ọ̀bẹ. Mo ní èmi náà bẹ̀rù àgbo. A wá fẹnu kò sí iṣẹ́ abẹ, pé bí a bá ta adìyẹ, yóò ká a, bí kò bá sì yọrí, ká bẹ̀rẹ̀ sí tu owó jọ fún ti ẹyin. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọ̀tunla, Ẹ̀gbọ́n! Adìyẹ tí ẹ fẹ́ fi tọrọ ìyàwó fún un, òun la fẹ́ fi wo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ ń wá ìyàwó! Irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Ta ni yóò ta ọkọ́ fi ra oko?

Ẹ má bi mí ìdí tí n ò fi sọ fún yín. Òun ló ní òun fúnra òun ni yóò sọ, pé ẹ̀gbọ́n òun lẹ jẹ́, pé kí n má gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun. Mo ní ó dáa. Kí ló wá ṣe? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹ pè é, ẹ ò mọ̀ pé mo wà nídìí ààrò, ohùn yín, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ohùn tó ń bẹ fóònù kó tó débi tó ń lọ. Ẹ ní ẹ ti rí ọmọ kan. Ẹ ní igi tí kò so, a kì í tìtorí òjìji rẹ̀ fi í sílẹ̀ lóko. Mo gbé orógùn sílẹ̀, mo ní ó yá, ẹnu àbúrò wọn á là báyìí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dáa, Ẹ̀gbọ́n mi." Subuhánallah! Ẹrù tó jẹ́ tirẹ̀, ó dì í, ó gbé e rù mí, ẹ̀yin wá ń ti ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́ pé kí n máa jó!

Kí lẹ ní? Irọ́? Èmi? Wọ́láhì, ẹ pè é kó wá. Ó wà lẹ́yìnkùlé, láti ìgbà tí ẹ ti dé ló ti ń fún adìyẹ ní oúnjẹ. Adìyẹ wo ló ń jẹun tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Lálùpọn yẹn ńkọ́? Kí ló fi ṣẹ̀ yín? Ẹ ó fi ìgò omi kíkan kí i káàbọ̀, ẹ ó fi ibi tó kù lára ògiri hàn án, bó bá ṣe ọdún méjì, ẹ ó tún gbé gèlè lọ wá ẹlòmíràn. Ká ní obìnrin ni Roheem ọmọ yín, ẹ ó fi í fún irú ọkọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n la ọ̀rọ̀ yé e? Ẹ dáhùn. Ẹ má wo òrùlé, òrùlé kò bímọ.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, kò sì pọ̀. Ẹ yọ fóònù yín nísinsìnyí, lójú mi. Ẹ pe ará Lálùpọn, ẹ ní ẹ ò wá mọ́, kí wọ́n fi ọmọ wọn fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ là. Ẹ pe oníbàárà, ẹ ní kó máa bọ̀, adìyẹ wà, ṣùgbọ́n èmi ni yóò kówó fún. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó bá wa lọ, ilé ìwòsàn ní kí ẹnì kan wá láti ìdílé ọkọ, ẹ̀yin lẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí ẹ ó gbé ṣòkòtò àbúrò yín lé itan títí wọn ó fi ṣe é tán. Bí ẹ ò bá ṣe é, mo fi Ọlọ́hun ṣẹ̀rí, n ó bá yín lọ ní Sátidé bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, n ó ró ìró, n ó ru oúnjẹ, bí wọ́n bá sì ní kí ìyálé sọ̀rọ̀, ìyálé yóò sọ̀rọ̀!

Ẹ ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ ṣeun. Ti Lálùpọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ jẹ́ kó dún síta.

Ó ku ẹyọ kan kí wọ́n tó gbé e. Ọ̀rọ̀ iṣan tó wú, ẹ lè sọ ọ́ fún ẹni tó bá yẹ, dókítà ní àìsàn ni bíi ti ibà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí mo ṣe dójú tì yín lónìí, ẹ lè rò ó fún gbogbo Mọ́níyà, ẹ fi iyọ̀ sí i, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, ó wọ ilé adìyẹ lọ, kò jáde, mo lọ wò ó, ó jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ, ó fi fìlà bojú, ó ń sunkún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà, ó ní, "Fàdìlàt, gbogbo àgbo yẹn. Gbogbo àgbo tí o mu yẹn." Èyí nìkan, Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ọwọ́ yín ni mo fi í sí. Kò mọ̀ pé mo lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi fi aṣọ bò ó.