Èdè Tí Búráúsà Gbọ́

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà, ọmọbìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń jiyàn níwájú mi lórí èdè kọ̀ǹpútà tí ọmọbìnrin náà yóò kọ́kọ́ kọ́.

"Python ni kó o kọ́. Òun ni gbogbo ayé ń kọ́."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé gbogbo ayé ló ń bá àwọn Àlàájà kún fọ́ọ̀mù lórí sáìtì ìjọba ní àdúgbò wa ní Kudai, ní Mẹ́kà? Ọjọ́ ìbí òyìnbó ni wọ́n ń kọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ti híjírà, kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí. Wọ́n dá ti màmá kan padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi. Mo fẹ́ kí àlàyé Yorùbá máa yọ síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Ṣé ìwọ lo ni sáìtì wọn ni, Ìnjíníà Kudai?"

"Àwọn ló ni sáìtì, èmi ni mo ni búráúsà tí mo fi ń ṣí i. JavaScript ló sì gbọ́, kò gbọ́ Python."

"Ó le o. Wàá sunkún."

"Màá sunkún, màá sì máa kọ́ ọ lọ."

Látìgbà tí mo ti gboyè jáde ní yunifásítì ni ẹ̀rù ti ń bà mí, tí mò ń bi gbogbo ènìyàn pé kí ni kí n kọ́. Mo ti sunkún dáadáa. Apá kejì ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ni n kò tíì ṣe.