Ibi tí Àwọn Abiyamọ ti ń Sùn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Bí ẹ bá sì fẹ́, kí ẹ máa pè mí ní Dókítà Wèrè bí ẹ ti máa ń pè mí lẹ́yìn. Mo ti gbọ́ ọ, kò dùn mí mọ́. Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi ní ọsibítù. Àwọn abiyamọ tí ọkàn wọn dàrú lẹ́yìn ìbímọ ni mò ń tọ́jú, àti àwọn tí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀. N kì í gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo máa ń jókòó tì wọ́n ni, mo máa ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, mo sì máa ń dúró gbọ́ èsì. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni irun orí mi ti funfun.

Ẹ sì mọ Fúnmi, ọmọbìnrin inú ìjọ wa tó bí ọmọkùnrin láìpẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni oorun dá lójú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri yàrá, tó ń dá ẹni tí a kò rí lóhùn. Níbòmíràn, abísínwín ni wọn ì bá pè é. Ṣùgbọ́n ìjọ tó ń ríran ni wá. Nígbà tó ní ohùn kan ń bá òun sọ̀rọ̀ látinú omi, ṣe lẹ pariwo "Halelúyà!" Ẹ ní Ẹ̀mí ti gùn ún. Wọ́n wọ sùtánà funfun fún un, wọ́n fi í sí ilé àánú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀ kí ohùn náà lè já gaara. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú o! Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àfi Bàbá Wòlíì. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, gbogbo ìjọ á sìn ín lọ sódò, òun àti ọmọ rẹ̀ á wọnú omi, ohùn náà á sì fara hàn.

Mo lọ bá Wòlíì, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i díẹ̀. Oorun ni ọmọ yìí nílò, kì í ṣe ààwẹ̀."

"Ìyá Ìbùkún," ó ní, "ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ẹ má fi ọgbọ́n orí ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́."

Inú bí mi, ẹ̀yin ará. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Nígbà tí Sátidé náà pé, tí a parí àdúrà ọ̀sán, mo na ara mi sórí ẹní níwájú pẹpẹ, mo ní, "Olúwa, bó bá jẹ́ ìran nìkan ni àwọn èèyàn yìí máa gbọ́, fi ìran hàn mí." Àárẹ̀ ààwẹ̀ mú mi. Mo sùn lọ.

Obìnrin kan dé. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù dé ìgúnpá, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ tuntun tán. Kò kí mi. "Dìde, ká lọ." Ó dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà kan tí ooru ń rú jáde níbẹ̀, tí mo ń gbọ́ igbe ọmọdé níwájú.

A kọ́kọ́ kan àwọn kan tí ìgò dí lẹ́nu. Wọ́n ń mu, wọ́n ń mu, ojú wọn ranjú, wọn kò ní ìpéǹpéjú tí wọn ó fi pa á dé. "Àwọn wọ̀nyí ló ń ta kodíìnì fún abiyamọ tí kò rí oorun sùn," ó ní, "wọ́n ní oògùn oorun ni." A kan àwọn ọkùnrin tó fi ìyàwó sórí ibùsùn ìbímọ, tí wọ́n lọ bá àlè. Ọmọ tó ń ké wà lẹ́yìn olúkúlùkù wọn, wọn kò rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ yí ojú padà, ó ní kí n máa wò.

Háà! Mo wá rí àwọn tó wọ sùtánà bíi tiwa, wọ́n ń lu aago, wọ́n ń sọ ìtumọ̀ lé ara wọn lórí, etí wọn ti dí, ó jọ̀lọ̀ bí orúnkún, mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe?" ó ní, "Wọ́n ń túmọ̀ ohun tí wọn kò béèrè," omi dúdú kan sì wà láàárín wọn, ìlédìí funfun kan léfòó lójú rẹ̀, òwú pupa ni wọ́n fi rán etí rẹ̀, mo figbe ta, mo ní, "Ọmọ ta nìyí? Ọmọ ta nìyí o?"

"Kò tíì dé," ó ní. "Omi ṣì ń dúró dè é."

Ó fà mí gòkè. Mo rò pé orin àti góòlù ni màá bá lọ́run, àfi bí gbogbo ibẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Yàrá gígùn kan ni, fèrèsé ṣí, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn abiyamọ sì ń sùn lórí ibùsùn. Àwọn ẹni mímọ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pọn àwọn ọmọ náà, wọ́n ń rọra mì wọ́n lẹ́yìn.

Ta ni mo rí? Ìyá Táyé! Ẹ rántí rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ó ń mu kodíìnì. Ọ̀dọ̀ mi ló ń wá títí àìsàn fi mú un lọ. Á ṣubú, á tún dìde, á tún wá. Ó ń hanrun! Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "A sọ pé ọ̀run àpáàdì ló lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Rọra sọ̀rọ̀, má jí i."

Ibùsùn kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ti ta ni.

"Ti Fúnmi ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Kí ni ohùn yẹn ní kó ṣe?"

"N kò mọ̀."

"Ta ló mọ̀ nínú ìjọ yín?"

Ó fi ọwọ́ tútù yẹn tì mí láyà. "Lọ bi í!"

Mo ta jí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣófo, mo ń gbọ́ aago yín lápá odò. Mo sáré láìwé gèlè, láìwẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà rí mi. Ẹ wà létí omi, ẹ ń kọrin. Wòlíì wà nínú omi dé orúnkún, Fúnmi sì ti kọjá rẹ̀, omi ti dé àyà rẹ̀, ó gbé ọmọ lé ọwọ́ méjèèjì. N kò pariwo. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í pariwo mọ́ ẹni tó wà nírú ipò yẹn. Mo rọra wọ́ omi lọ bá a.

"Fúnmi ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Kí ni ohùn yẹn ní kí o ṣe?"

"Ìyá Ìbùkún, a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe…"

"Bàbá, ẹ dákẹ́!"

Fúnmi wò mí. "Ó ní ọmọ yìí kì í ṣe tèmi, Mọ̀mí. Ó ní kí n dá a padà fún omi. Mo fẹ́ sọ fún wọn, wọ́n ní kí n pa á mọ́ di òní."

Orin yín dá. Aago bọ́ lọ́wọ́ Wòlíì.

"Ṣé o fẹ́ dá a padà?"

"N kò fẹ́, mà. Ó rẹ̀ mí ni."

"Gbé e fún mi, kí o lọ sùn."

Ó gbé e fún mi. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló gbé Fúnmi dé inú mọ́tò, tòun ti sùtánà tó ń ro omi, ó sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní ọsibítù bí ẹni tí wọ́n nà. Fúnmi ń lo oògùn, ó sì ń sùn. Àná ló ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá kí òun rí i.

Mo kìlọ̀ fún yín, mo sì kìlọ̀ fún ara mi: bí abiyamọ bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ bi í ní ohun tí ohùn náà wí kí ẹ tó ké Halelúyà. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn. Torí bí mo ṣe ń gbé ọmọ yẹn bọ̀ wá sétí omi, ìlédìí rẹ̀ tú, ó ṣàn lọ. Funfun ni, òwú pupa wà létí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni odò rí mú.