Orúkọ Edna Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Pè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí ní Àǹtí Lorna, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà níbi àsè ìrúwé ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, àwọn tí kò sí níbẹ̀ sì ti ń fi tiwọn kún un. Kí irọ́ má baà tún gun orí irọ́, èmi fúnra mi ni màá fi ẹnu ara mi tú u. Èmi Lorna Wapachee, tí ẹ ń yìn pé ó gbé sáyẹ́ǹsì wọ ìlú wa, olè ni mí. Mi ò jí ẹran nínú pańpẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo jí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Edna Blackned ni mo jà lólè. Ọmọ ìyá ni ìyá rẹ̀ àti ìyá mi, ìgbà òtútù kan náà ni wọ́n bí wa, abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà la sì ti dàgbà. Láti kékeré ni Edna ti ń béèrè ohun tí àwọn àgbà kì í bi ara wọn. Nígbà tí àwa yòókù bá ń du itan nisk, pẹ́pẹ́yẹ igbó ọlọ́rùn dúdú tó ń bọ́ wa nígbà ìrúwé, iwe ẹyẹ náà ni Edna máa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Á là á, á da òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á ní, "Ẹ wá wò ó! Kò léyín lẹ́nu, inú ikùn ló kó eyín rẹ̀ sí!" Iwe yẹn ni ìwé tó kọ́kọ́ kà. Èmi ńkọ́? Mo máa ń gba máàkì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ́ mi nìkan ni mo mọ̀.

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Montreal, a sì jọ gba yàrá kan. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ pé owó ìrànwọ́ kan ti jáde fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àwa tí baba ńlá wa ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Ẹni tí wọ́n bá fún yóò máa lọ láti ìlú dé ìlú láàárín àwọn ènìyàn wa, yóò máa fi sáyẹ́ǹsì han àwọn ọmọdé ní èdè wa. Wọn yóò sì máa san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan péré ni wọ́n fẹ́ mú ní agbègbè wa. Àwa méjèèjì la lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ wọn. Èmi ka ohun tí mo ti há sórí. Edna gbé iwe nisk sínú abọ́ lọ, ó là á níwájú wọn, mo sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn àgbàlagbà yẹn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn ni ìlara wọ̀ mí lára.

Nígbà tí àkókò ọdẹ nisk tó, Edna lọ bá bàbá rẹ̀ ní àgọ́ ọdẹ, níbi tí fóònù kò dé. Èmi dúró ní yàrá wa. Òwúrọ̀ kan ni fóònù dún. Obìnrin kan ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Edna Blackned ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀." Mo fẹ́ sọ pé kò sí nílé, Ọlọ́run mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ní, "Èmi nìyí." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà. "Edna, ìwọ la mú o! Iwe yẹn, a ò tíì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán níbí!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀nà ṣì là fún mi. Mo lè sọ ọ́ di àwàdà, kí n ní, "Ẹ má bínú, ọmọ ìyá rẹ̀ ni mí." Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbé ohùn Edna wọ̀, ohùn tí mo máa ń sín jẹ láti kékeré kí ilé lè rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Mi ò lè ṣe é mọ́. Ara bàbá mi ò yá." Ọkùnrin tó ń sáré lórí yìnyín bí ọ̀dọ́! Mo gbé àìsàn wọ aláìlárùn bí ẹ̀wù. Obìnrin náà kẹ́dùn, ó gbàdúrà fún bàbá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Lorna. Lorna ní òun gbà.

Edna dé, ó gbé ẹran nisk gbígbẹ wá fún mi. "Wọ́n pè?" "Wọ́n pè. Èmi ni wọ́n mú." Ojú rẹ̀ ṣú fìrí, ó sì tún là. Ó gbá mi mọ́ra, ó gbé mi nílẹ̀. "Lorna ọ̀lẹ! Ta ni yóò máa jí ẹ kí o tó lè bá ọkọ̀ òfuurufú? Ó kúkú dáa, ọ̀kan nínú wa náà ni." Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo há sórí, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Edna wà lẹ́yìn, ó wá wò mí. Bó ṣe rí i pé mo ń rì, ó sáré lọ sílé, ó gbé iwe tútù wá, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó sì padà lọ jókòó. Mo là á. Ariwo ayọ̀ sọ! Àwọn ọmọ ń ti ara wọn kí wọ́n lè fọwọ́ kan òkúta inú rẹ̀. Ta ló pàtẹ́wọ́ jù? Edna ni.

Ọjọ́ yẹn náà, bí a ti ń fọ àwo nílé ìyá rẹ̀, ó ní, "Lorna, mi ò bínú o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. O rí i bí iwe yẹn ṣe dùn mọ́ àwọn ọmọ. Ohun kan náà ni mo ṣe níwájú ìgbìmọ̀. Kí ló wá kù díẹ̀ káàtó nínú tèmi? Tí mo bá mọ̀ ọ́n, màá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀." Jìnnìjìnnì bò mí. Bó bá padà lọ, wọn yóò béèrè àlàáfíà bàbá rẹ̀, àṣírí yóò sì tú. Ohun tí mo ṣe wàyí ló burú jù nínú ayé mi. Mo nu ọwọ́, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà dáa. Ìwọ ni wọ́n ní o ò tó o. Wọ́n ní orí ẹ ò lè gbé ìwé débẹ̀ yẹn." Kò sunkún. Ó ní, "Háà. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n." Ó ń fọ àwo lọ. Kò padà sí Montreal mọ́.

Edna lọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ìlú wa. Èmi ń lọ sókè. Bí oníbàárà bá bi í ní ìbéèrè tó le díẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní: "Èmi kẹ̀? Orí mi ò gbé e. Ẹ bi Lorna." Mo gbọ́ ọ títí irun mi fi funfun, mi ò sì la ẹnu.

Nígbà ìrúwé tó kọjá ni wọ́n fún Iris, ọmọbìnrin Edna, ní owó ìrànwọ́ yìí kan náà. Ìlú se àsè. A tẹ́ ẹ̀ka igi tútù sílẹ̀ nínú àgọ́ gígùn, nisk ń yí lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mo rí Iris tó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ìwọ tí a ń se àsè fún, ta ló kú tí o fi fajú ro báyìí?" Ó ní, "Àǹtí Lorna, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mọ́mì ní kí n má yọ̀ jù. Wọ́n ní orí ilé wa kì í gbé ìwé jìnnà, pé bóyá ti ilé bàbá mi ni mo mú." Irọ́ tí mo pa fún ìyá ti di ogún ọmọ.

Olórí ìlú pè mí: "Lorna, ìwọ lo kọ́kọ́ gba owó yìí nílùú wa. Dìde, fún ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ ìṣírí." Mo dìde. Mo ní, "Èmi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún." Mo sì rò ó látòkèdélẹ̀, bí mo ti rò ó fún yín yìí, mi ò fi ibì kan pamọ́. Bàbá Edna, arúgbó kùjọ́kùjọ́, ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde: "Èmi? Àìsàn wo?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Edna jáde láti ìdí iná, ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìgbájú. Ó ní, "Tún un sọ. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè?"

"Ìwọ."

"Orúkọ mi ni obìnrin yẹn pè? Orúkọ mi gan-an?"

"Orúkọ rẹ gan-an. Ó ní àwọn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ rẹ tán."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí odò tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. "Iris! O gbọ́? Èmi ni wọ́n mú! Ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un! Ọ̀dọ̀ èmi ìyá ẹ!" Àgọ́ bú sáriwo. Àwọn ọdẹ ń lu ilẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin fà á mọ́ra títí ìyẹ̀fun fi kùn gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó wá síwájú mi. "Ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú ẹ ṣì wà nílẹ̀, Lorna, ó sì gùn. Ṣùgbọ́n o ò ní bá mi ba òní jẹ́. Àsè èèyàn méjì là ń jẹ níbí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń du nǹkan, ẹ dù ú gidi. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ sunkún, ẹ nu ojú. Ṣùgbọ́n láéláé, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò tó nǹkan kí ẹ̀yin lè tó nǹkan. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀, ẹrù tó ń jó ẹni tó gbé e ni.

Ní ìgbà ìwọ́wé, Edna pẹ̀lú Iris jọ gbéra lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá àti ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Mo bá wọn gbé àpótí dé pápákọ̀ òfuurufú. Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀, mo ní, "Edna, ọmọ ìyá mi, foríjì mí." Ó gba àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Mi ò tíì foríjì ẹ́ o. Inú ṣì ń bí mi, á ṣì bí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n dìde ńlẹ̀ jàre, mi ò ráyè ìbínú báyìí. Mo ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé." Ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ, kò wẹ̀yìn, ẹ̀rín rẹ̀ sì borí ariwo ẹ́ńjìnnì.