Iṣu Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Tíṣà

Mo jókòó sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí rélùwéè ní Ọ̀fà, tí mò ń dúró kí wọ́n lẹ túúbù mi, nígbà tí tíṣà kan ti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré, dé.

"Alhaji, ẹyọ kan péré nínú ara kẹ̀kẹ́ yìí lagbára mi ká láti pààrọ̀ sí kábọ̀n. Ríìmù táyà ni mo fẹ́, torí kábọ̀n fúyẹ́ ju irin lọ. Ó ti sú mi kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa fi mí sílẹ̀ lọ́nà Ìjàgbò."

"Ìwọ tó ń di iṣu mẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ìlemọ́nà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá ohun tó fúyẹ́?"

"Àwọn òbí ọmọ ló ń fún mi, sà. Ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni?"

"Má kọ̀ ọ́. Tóo bá dé ilé ìwé láàárọ̀, ibo ló máa ń dùn ọ́?"

"Ọwọ́ ni. Á kú bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. N kì í lè di ṣọ́ọ̀kì mú."

"O ò rí i? Fọ́ọ̀kì tó di táyà iwájú mú ni kóo rà. Kábọ̀n á gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ohun tó bá ń ké là á dá lóhùn."

Mo tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ohun tó bá ń ké là á dá lóhùn.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Fọ́ọ̀kì náà ni, sà. N ó mú iṣu kan wá fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Mú mẹ́ta wá. Ṣebí o ní o fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́."