Ogójì Àpò, Irúgbìn Kan

Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀la, mo mọ ara mi, n óò tún gbé e mì. Dókítà ti sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó má lọ jìnnà sí mi, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òun ló ń bá mi kọ èyí. Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó irúgbìn, àbúrò wa tí ẹ lé lọ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ yàrá tútù tí a kó àgbàdo àtijọ́ pa mọ́ sí. Oríṣi ogójì ni, funfun ni gbogbo wọn, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ la ti gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn kì í so púpọ̀ ṣùgbọ́n ọ̀dá kì í pa á, òmíràn kúrú tí ìjì kò lè dá a. Nínú wọn la ti fẹ́ wá agbára tí a ó fi kún àgbàdo tuntun wa, tó ń so bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ṣùgbọ́n tí àrùn ewé ń pa. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún ó yẹ kí n gbìn wọ́n, kí n fi àpò bébà bo ìrùkẹ̀rẹ̀ àti ọmọ wọn kí ìran wọn má bàa dà pọ̀, kí n sì kó irúgbìn tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á tì, tí mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ṣe é. Ọ̀lẹ ni mí, kò ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí mo wá tẹ́ díẹ̀ sórí bébà tí mo fi omi rin, láti wò ó bóyá yóò hù, ọjọ́ keje pé, ẹyọ kan kò hù. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá yẹ yàrá náà wò lọ́jọ́ kejì. Mo da òkú irúgbìn nù, mo bu àgbàdo tuntun, tí òun náà funfun, sínú gbogbo ogójì àpò, mi ò yí nọ́ńbà ara wọn padà.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ọdún kẹta ni àbúrò dé, ọmọbìnrin tó máa ń ka hóró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbìn ín. Ó gba ogójì àpò lọ́wọ́ mi, ó ń wá èyí tí àrùn ewé kò lè pa. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọ́ lọ wo oko náà. Àgbàdo gbogbo poro ga bákan náà, wọ́n yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àrùn sì mú gbogbo wọn. Ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ogójì ìyá kì í bímọ kó jọra báyìí. Àbí nǹkan kan náà lẹ fún mi ni?” Mo ní, “Má kó bá mi o. Wo ọwọ́ ara rẹ.” Ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lóòótọ́.

Èyí tó burú jù ni ti iwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí oko náà. Ọ̀gá àgbà bi mí, mo ní, “Oríṣi ogójì ni mo fún un, sà. Ẹ ṣàánú rẹ̀, ọmọdé ni, ó dà wọ́n pọ̀ ni.” Wọ́n lé e. Lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé mo bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Kò tọ́pẹ́.”

Ẹ pè é padà. Ẹ rán an sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ yẹn, bóyá ó ṣì ku díẹ̀ nínú àká ẹnì kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí irúgbìn bá kú lọ́wọ́ yín, ẹ sọ pé ó kú. Mo gbọ́ pé àbúrò kò fọwọ́ kan irúgbìn mọ́, ó ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ òun mọ́. Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè dárí jì mí, gba èyí nìkan gbọ́: ọwọ́ rẹ kò ṣe àṣìṣe kankan.