Èmi Ni Mo Ju Ìbọn Ọkọ Mi Sínú Kànga

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì bú mi. Ó ti tó ọdún méje tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ayọ̀ ni ó tú u jáde lẹ́nu mi lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ìbànújẹ́.

Ìyàwó ọdẹ ni mí, ní abúlé kan lẹ́bàá Okpomèta, ní ilẹ̀ Kétu. Gàrí ni mo ń ṣe. Ọkọ mi, Bàbá Mútíù, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń tètè gbóná ju agbada gàrí mi lọ.

Lọ́dún náà, òun àti àbúrò rẹ̀ ń jà nítorí ààlà oko. Ọkọ Mi Kékeré ni mo máa ń pe àbúrò náà, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Mútíù ti oko dé, ó jókòó, ó ń nu ìbọn rẹ̀. Ó ní, "Tó bá tún fẹsẹ̀ kan ebè mi lọ́la, ìbọn yìí ni yóò bá a sọ̀rọ̀." Mo mọ ohùn ọkọ mi. Kò ṣeré.

Ẹ̀rù bà mí. Bó ṣe lọ kírun, mo fi ẹní ká ìbọn náà, mo rù ú bí ẹni ru igi ìdáná, mo jù ú sínú kànga gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Mo padà sídìí gàrí mi, mo ń yan án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá ìbọn náà tì, àbúrò ni gbogbo ilé nàka sí pé ó jí i. Ó búra, ó sunkún, wọn kò gbà á gbọ́. Ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Kpankou, abúlé mìíràn, mo sì ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ẹlòmíràn ni ó bá mi dákẹ́.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ará mẹ́rì, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso ìlú, wá láti Kétu ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò wa. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ àwọn ti wà lẹ́yìn òfin ìbọn: ẹni tó bá ní ìbọn, kó wá kọ orúkọ sílẹ̀, kó gba ìwé, kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ lọ ra ti alágbẹ̀dẹ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá abúlé wa náà gbà. Àwọn ọdẹ fajú ro. Wọ́n yíjú sí ọkọ mi pé kó bá àwọn kọ̀ ọ́.

Bàbá Mútíù dìde. Ó ní, "Ká ní ìbọn mi wà lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn, àbúrò mi ìbá ti wà nínú ilẹ̀, èmi ìbá wà lẹ́wọ̀n. Ẹ kọ orúkọ mi àti ìbọn tí mo rà lẹ́yìn náà síwájú."

Ni àtẹ́wọ́ bá sọ! Ọdẹ kan dìde, èkejì tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi tò síwájú akọ̀wé. Wọ́n fi ọkọ mi ṣe olórí àwọn tí yóò máa bójú tó òfin náà ní abúlé. Mo sunkún ayọ̀, mo jó, ìborùn mi já bọ́, n kò mọ̀. Ẹ má bínú, inú mi ń dùn títí di òní. Kí mẹ́rì tó gbé òfin wọn dé, èmi obìnrin ti fi í múlẹ̀ nínú ilé tèmi.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi fi kún un pé, "Mo ti dárí ji àbúrò mi. Kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kó gbé ìbọn náà wá, ká kọ òun náà sínú ìwé."

Ọkọ Mi Kékeré ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ó ní òun kò ní ìbọn kankan láti gbé wá, pé ojú ẹ̀gbọ́n òun ni òun fẹ́ rí.

N kò lè jẹ́ kí wọ́n dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá ji ẹlòmíràn. Mo ti ra okùn tí a ó fi fa ìbọn náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?